Ààbò àti Ìhámọ́ra: Èrò Kan lórí Orúkọ Ohun tí Òṣìṣẹ́ Ń Wọ̀

Láti ìgbà tí a ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, pàápàá láti ìgbà tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ohun tí ó ń gba àkókò wa jù lọ ni bí a ó ṣe pe àwọn ohun tí sáyẹ́ǹsì ń wádìí: ásíìdì, átọ́ọ̀mù, agbára, ìwọ̀n ìgbóná. A kì í sábà ronú lórí orúkọ ohun tí ẹni tí ń ṣe ìwádìí náà wọ̀ sára. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú wa. Ìbọ̀wọ́ ni ìbọ̀wọ́, ìbòmú ni ìbòmú, ó parí. Èrò tèmi ni pé kò parí rárá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ìtumọ̀ átọ́ọ̀mù gbọ́, máàkì ni yóò pàdánù. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣi ìtumọ̀ ìbọ̀wọ́ gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni tàbí ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn kan tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1996, Karen Wetterhahn, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Dartmouth College ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń lo dimethylmercury nínú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Irú èròjà mẹ́kúrì kan ni èyí; olómi ni, kò sì ní àwọ̀. Obìnrin náà wọ awò ojú, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, inú àpótí onígíláàsì tí ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀kán díẹ̀ ta sí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó yọ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́. Nígbà tí ó fi di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á dúró dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún náà, ní ọmọ ọdún 48. Àwọn tí ó dán irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé dimethylmercury ń gba inú rẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ náà kò ya, kò sì ní ihò.

Kì í ṣe aláìbìkítà ni ó ṣe èyí. Ìwádìí lórí iṣẹ́ ibi tí irin onímájèlé ń ṣe nínú ara ènìyàn gan-an ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìlànà ní kí ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì wọ̀ ọ́. Ohun tí kò sí nínú ìlànà ni irú ìbọ̀wọ́ tí ó lè dá kẹ́míkà yìí dúró, àti iye àkókò tí ó lè fi dá a dúró. Lẹ́yìn ìjàǹbá rẹ̀ ni a tó ń sọ fún àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ pílásítíìkì alábala-púpọ̀ sí abẹ́ òmíràn tí ó nípọn. Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti èdè Yorùbá, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìlànà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa bá ń ṣe ìtumọ̀ irú ìlànà bẹ́ẹ̀, a máa ń gbé àìtó inú rẹ̀ wá sílé, a sì tún máa ń fi tiwa kún un.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé a nílò ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì sí nínú èdè-ìperí wa. Bí omi bá ń ti inú ìkòkò bọ́ sílẹ̀, a ní ìkòkò ń jò. Bí òjò bá ń wọlé, a ní òrùlé ń jò. Ẹni tí ó bá sọ pé nǹkan ń jò ti sọ pé ihò wà níbì kan, ẹni tí ó gbọ́ yóò sì wá ihò náà lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá yẹ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wò tí kò rí ihò, yóò ní kò jò, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ohun tí ó pa Wetterhahn kì í ṣe jíjò. Ṣùgbọ́n Yorùbá mọ omi mìíràn, omi tí ń sun láti ara àpáta, tí ojú kò rí ibi tí ó gbà jáde. Ìsun ni a ń pè é. Nítorí náà mo dá a lábàá pé kí á pe gbígbà tí kẹ́míkà ń gba inú ohun tí kò ní ihò kọjá ní ìsunjá, kí á sì pe àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí kẹ́míkà kan ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ àti ìgbà tí ó kọ́kọ́ yọ sí inú ní àkókò ìsunjá. Àwọn tí ń ṣe ìbọ̀wọ́ fún iṣẹ́ kẹ́míkà a máa tẹ iye àkókò yìí sínú àtẹ, kẹ́míkà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tí ó bá ka àtẹ náà yóò rí i pé ìbọ̀wọ́ nitrile tí ó dára fún epo kì í pẹ́ rárá kí acetone tó sun ún já. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ náà, olùkọ́ lè béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Kí ni àkókò ìsunjá ìbọ̀wọ́ tí o wọ̀ yìí?" Bí a kò bá ní in, ìbéèrè tí yóò béèrè kò ju "Ṣé o ti wọ ìbọ̀wọ́?" lọ.

Ó yẹ kí á tún fi òfin kan lélẹ̀ láàárín ara wa, àwa tí a ń ṣe ìtumọ̀: kí ọ̀rọ̀ náà ìbọ̀wọ́ má ṣe dá dúró nínú ìwé ìlànà iṣẹ́ mọ́. Kí á sọ ohun tí ó ń dá dúró mọ́ ọn: ìbọ̀wọ́ adènà-ásíìdì, ìbọ̀wọ́ adènà-iná, ìbọ̀wọ́ adènà-ọ̀bẹ. Adènà, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n, ni ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó mọ ẹni tí wọ́n ní kí ó dá dúró. Kò sí ẹni tí í retí pé kí ó dá gbogbo ayé dúró.

Ọ̀ràn ìbòmú burú ju ti ìbọ̀wọ́ lọ, nítorí pé ó ti tàn ká. Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sọ ìbòmú di ọ̀rọ̀ tí ọmọdé pàápàá mọ̀. Èyí dára fún ohun tí a fẹ́ ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ orúkọ kan yìí ni a kó aṣọ tí aránṣọ rán, èyí tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ń lò, àti èyí tí a ń pè ní N95 sí. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n. Èyí tí oníṣẹ́ abẹ ń lò kò fi etí mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí itọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ má ta sí ojú ọgbẹ́ aláìsàn, kí ẹ̀jẹ̀ má sì ta sí òun náà lẹ́nu. N95 ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, ó kéré tán, 95 nínú 100 àwọn èérún tí ó ṣòro jù lọ láti mú, àwọn tí ìwọ̀n wọn jẹ́ nǹkan bí 0.3 máíkírómítà. Kò sì lè ṣe èyí àfi bí etí rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ojú yí ká. Bí irùngbọ̀n bá wà lábẹ́ etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò gba àárín irùngbọ̀n wọlé, eruku yóò sì bá a wọlé.

Báwo ni a ó ṣe fi èyí yé ọmọ iṣẹ́ tí ń gé òkúta tàbí tí ń lọ kóńkéré, nígbà tí orúkọ tí a fún ohun tí ó wọ̀ ń sọ fún un pé bíbò ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹni tí a bá ní kí ó bo imú yóò bò ó. Yóò fi áńkáṣíìfù bò ó, yóò sì rò pé òun ti ṣe ohun tí wọ́n wí. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ilé ohun tí à ń sọ yìí, asẹ́ ni. Èémí ni ó ń sẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á pè é ní asẹ́-èémí, kí á sì fi ìbòmú sílẹ̀ fún aṣọ àti fún ti oníṣẹ́ abẹ.

Ẹni tí ó bá ti ṣe ògì rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí asẹ́-èémí mọ́. Ó mọ̀ pé aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì gbọ́dọ̀ dì mọ́ ẹnu ìkòkò yí ká. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tú, eèrí yóò gba ibẹ̀ wọlé, aṣọ tí ó kù ìbáà dára bí ó ti wù kí ó rí. Ó mọ̀ pé asẹ́ gàrí kò lè ku èlùbọ́, nítorí ojú ihò wọn kò dọ́gba. Ó mọ̀ pé bí asẹ́ bá ti dí, à á gbọ̀n ọ́n tàbí kí á pààrọ̀ rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé omi tí a bá ti da iyọ̀ sí kò lè tipa asẹ́ di omi aláìníyọ̀. Kókó ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn kan ń wọ N95 nígbà tí wọ́n bá ń fọ́n ọ̀dà, tí wọ́n sì gbà pé òórùn rẹ̀ kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Ọ̀pọ̀ ohun tí olùkọ́ ìbá fi wákàtí kan ṣàlàyé ni obìnrin tí ń ta ògì ti mọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì. Ọ̀rọ̀ àyálò kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fún wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kì í ṣe ọ̀tá ọ̀rọ̀ àyálò.

Nísinsìnyí mo dé orí orúkọ tí ó kó gbogbo wọn pọ̀. Ohun tí a sábà ń gbọ́ ni "ohun èlò ìdáàbòbò ara ẹni". Mo rí àléébù méjì nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ wà nínú "ìdáàbòbò". Ààbò ní èdè wa kì í ṣe ohun kékeré. Ọlọ́run ni a máa ń bẹ̀ pé kí ó dáàbò bò wá. Ìyá a máa dáàbò bo ọmọ. Ọba a máa dáàbò bo ìlú. Ẹni tí ó bá wà lábẹ́ ààbò, ewu kò kàn án mọ́. Bí a bá wá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pe ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, a ti ṣe ìlérí tí rọ́bà kò lè mú ṣẹ. Ó wá di bí oògùn, tí ẹni tí ó bá ti dè é mọ́ra kò tún ní í wo ẹ̀yìn.

Àléébù kejì wà nínú "ara ẹni", èyí sì ni ó ń dùn mí jù. Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ yẹn láti sọ pé ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ohun náà ń wà. Àmọ́ ohun tí ó bá jẹ́ ti ara ẹni ní Yorùbá jẹ́ ohun ìní ẹni, ohun tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tí kò kan ẹlòmíràn. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ka gbólóhùn náà yóò rò pé òun ni kí òun wá a. Ọ̀gá tí ó bá kà á yóò rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Bẹ́ẹ̀ òfin Nàìjíríà ti ọdún 1987 lórí àwọn ilé-iṣẹ́ kò sọ bẹ́ẹ̀; ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ni ó gbé ẹrù pípèsè aṣọ àti ohun ìbòjú tí ó yẹ fún iṣẹ́ lé lórí. Ìtumọ̀ wa ti gba ẹrù lórí ọ̀gá, ó ti gbé e ka orí ọmọ iṣẹ́, láìsí ìgbìmọ̀ aṣòfin kan tí ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọwọ́ sí ni ìhámọ́ra iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ìhámọ́ra. Àwọn jagunjagun lò ó, Bíbélì Yorùbá sì mú un dé etí gbogbo wa, pẹ̀lú àṣíborí àti asà. Ààbò ni à ń tọrọ. Ìhámọ́ra ni à ń dì mọ́ ara wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tí ó hámọ́ra mọ̀ pé ọ̀tá wà níwájú, ó sì mọ̀ pé ọfà lè gba àlàfo wọlé. Ẹnì kan lè sọ pé ìhámọ́ra yóò mú kí òṣìṣẹ́ gbójú bí ológun. Ó ṣeé ṣe. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí ó gbójú pẹ̀lú ìmọ̀ pé ogun wà ju kí ó sùn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé a ti dáàbò bò ó lọ. Bí rédíò bá fẹ́ máa bá ìdáàbòbò lọ fún gbogbo ènìyàn, n kò ní bá wọn jà. Ìwé ìlànà yàrá àyẹ̀wò àti ti ilé-iṣẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ti ẹ̀wù, n kò ní sọ púpọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2008, ọ̀dọ́bìnrin kan, ẹni ọdún 23, tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú ìwádìí ní yunifásítì UCLA ní Califonia, ń fa kẹ́míkà kan tí í gbiná fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Kò wọ ẹ̀wù yàrá àyẹ̀wò. Súwẹ́tà tí a kò fi òwú ṣe ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, iná sì mú un. Ó kú ní ọjọ́ 18 lẹ́yìn náà. Ẹ̀wù funfun tí a ń wọ̀ kì í ṣe àmì oyè bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti rò. Ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ ní èdè wa fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn: ẹ̀wù àwọ̀lékè ni, èyí tí ènìyàn lè já bọ́ lọ́rùn kíá bí nǹkan bá ta sí i.

Bíbọ́ ni ó tún mú mi dé ibi tí èdè wa ti sàn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí a kò sì lo àǹfààní náà. A ń wọ ẹ̀wù, a ń dé àṣíborí, a ń so ìbòmú, a ń ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ń bọ́ ẹ̀wù, a ń ṣí àṣíborí, a ń tú ìbòmú, a ń yọ awò ojú. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ti sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ṣe ìtumọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, "wọ gbogbo rẹ̀" àti "bọ́ gbogbo rẹ̀" ni a máa ń kọ, a ó sì kọjá. Bẹ́ẹ̀ ibi bíbọ́ gan-an ni ewu pọ̀ sí jù, nítorí pé nígbà náà ni ẹ̀yìn ìhámọ́ra ti di ohun ẹlẹ́gbin, ó sì ti rẹ ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Àrùn Ẹ̀bólà kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 2014. Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Aláìsàn kan dé láti Làìbéríà ní ọjọ́ 20 oṣù keje, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì tọ́jú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé Ẹ̀bólà ni. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí wọ́n mú aláìsàn náà jáde, wà nínú wọn. Ìhámọ́ra kò lè ran ẹni tí kò tíì mọ orúkọ ọ̀tá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní Dallas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ti hámọ́ra kó àrùn náà lára aláìsàn tí wọ́n mọ àrùn tí ń ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni àjọ CDC ibẹ̀ yí ìlànà rẹ̀ padà: kí ẹnì kan tí ó ti kọ́ ọ máa wo ẹni tí ń bọ́ ìhámọ́ra, kí ó sì máa ka ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí i létí ketekete.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí, ẹ̀yin ògbufọ̀. Kíkà sókè ni. Bí ó bá jẹ́ pé ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ ni, èdè wo ni a ó fi kà á sí etí ẹni tí òógùn ti bò lójú, tí wákàtí púpọ̀ ti mú kí orí rẹ̀ wúwo? Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ kúrú, kí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì tọ́: "Di ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ ọ̀tún mú lẹ́bàá ọrùn ọwọ́. Fà á, kí inú rẹ̀ di ẹ̀yìn. Ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ti ìka ọ̀tún bọ abẹ́ ìbọ̀wọ́ òsì. Má fi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Yí i bo ti àkọ́kọ́. Fọ ọwọ́." N kò rí ìdí tí irú nǹkan báyìí kò fi ní wà lára ògiri gbogbo yàrá àyẹ̀wò tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tí ń fọ ìgò, tí ń gbá ilẹ̀, tí ń kó ìdọ̀tí yàrá náà dànù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ni wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti lò tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ohun tí mo sọ yìí rò pé ìhámọ́ra ni ó ṣáájú. Òun ni ó kẹ́yìn. Bí a bá lè ṣe iṣẹ́ náà láìlo májèlé, kí á má lò ó. Bí èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ bá wà, kí á fi rọ́pò. Bí a bá lè sé e mọ́ inú àpótí tàbí kí ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, kí á ṣe bẹ́ẹ̀. Kí á dín iye ènìyàn àti iye wákàtí kù. Ohun tí gbogbo èyí kò bá ràn ni a ń hámọ́ra sí. Ọ̀gá tí ó bá ra ìbòmú fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó lu fèrèsé sí ara ògiri kò tíì ṣe ohun tí ó yẹ.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Irú rẹ̀ ni mo ń fẹ́ fún ewu ibi iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ ju ojú ìwé ogún lọ. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí á gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò lò ó, kí á sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, kí á sì bi wọ́n pé, "Kí ni ohun yìí kò lè ṣe?" Bí ìdáhùn wọn kò bá tọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà ni kí á tún ṣe.

Ọ̀kan ṣì wà tí n kò tíì rí orúkọ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Òun ni agolo kékeré tí a ń dè mọ́ ìhámọ́ra ojú nígbà tí a bá fẹ́ fọ́n ọ̀dà tàbí oògùn kòkòrò, èyí tí èédú wà nínú rẹ̀. Kì í sẹ́ nǹkan, nítorí náà a kò lè pè é ní asẹ́. Ṣe ni èédú rẹ̀ ń fa májèlé inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi yó, bí ó bá sì ti yó, májèlé tí ó kù yóò kọjá lára rẹ̀ sí imú ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Orúkọ tí mo ń wá gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́ pé ohun náà lè yó. Bí olùkàwé kan bá ní in, kí ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú.